Dígí Mẹ́jọ Lábẹ́ Páànù

Abúlé Ìdí-Ọsàn,
Lọ́nà Òkè-Agbo,
Ìjẹ̀bú-Igbó.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ọláyínká ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo fẹ́ kí ìkíni yìí pé dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀ ohun tí mo fẹ́ sọ, nítorí pé inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ kí ìbínú mú mi fo ìkíni. Ṣé ara rẹ le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé ilé tí o háyà ní Ìkẹjà yẹn kò jò mọ́? Kí Olódùmarè máa ṣọ́ àlọ rẹ, kó máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ, kó má jẹ́ kí o pàdé ọ̀gá tí yóò fi ojú rẹ gbolẹ̀, kó fún ọ ní ọkọ tó ń gbọ́ràn. Àmín lórúkọ Jésù. Ìyá rẹ kí ọ. Ajá wa ti bí mẹ́fà, mẹ́rin ló yè. Mo ti kí ọ tán báyìí.

Inú ń bí mi sí ọ, Ọláyínká.

Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́ ni pé fóònù yìí kò gba ìbínú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì gé nígbà tí mo dé ibi tó dùn mí jù. Bí mo bá ń béèrè àlàáfíà rẹ, kì í gé. Bí mo bá ti gbé ohùn sókè báyìí, ó gé. Mo ti wò ó dáadáa, mo sì ti rí i pé bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, kí àwọn ọmọ tó wà ní Èkó má baà gbọ́ ìbáwí àwọn òbí wọn. Bébà kò lè gé. Bébà yóò gba gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi tí o mú wá fún wa ni. Ìwọ lo mú un wá, má sọ pé kì í ṣe ìwọ. Ìwọ lo ka físíìsì ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè, ọdún mẹ́rin tó di mẹ́fà nítorí ìdaṣẹ́sílẹ̀, tí mo ń ru gààrí lọ bá ọ níbẹ̀. Ìwọ lo dé nígbà Ọdún Àjíǹde tí o ní àjọ aláàánú kan wà tó ń fi oòrùn fa omi fún àwọn abúlé tí kò ní iná, o sì mú fọ́ọ̀mù jáde nínú báàgì. Mo rántí fọ́ọ̀mù náà dáadáa. Wọ́n béèrè níbẹ̀ pé ìṣẹ́jú mélòó ni obìnrin kan fi ń rìn láti ilé dé ibi omi. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó dá lórí ẹni tó bá pàdé lọ́nà, nítorí pé bí ìyá rẹ bá pàdé ìyàwó Fàsásì, a ò ní jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà. Òótọ́ ni mo kọ. Ìwọ fi báírò pa á rẹ́, o kọ ogójì ìṣẹ́jú. Mo fọwọ́ sí i.

Mo fọwọ́ sí i nítorí pé omi náà wù mí. Nígbà tí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílùú wọn wà ní Òrù, mo máa ń kó igi ìdáná lọ tà níbẹ̀, mo sì rí i tí wọ́n ń pọnmi lẹ́nu ẹ̀rọ. Mo sọ fún ìyá rẹ nígbà náà pé àwọn tí ogun lé ń pọnmi lórí ìdúró, àwa tí ogun ò lé ń dọ̀bálẹ̀ fún odò. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń dúró de ẹ̀rọ tiwa.

Ẹnjiníà tí àjọ náà rán wá, Adémúyìwá, ọmọ yẹn ní sùúrù, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ó jókòó tì wá láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ó ń ṣàlàyé. Ó ní dígí dúdú mẹ́jọ tí wọ́n tò sórí irin yẹn, oòrùn ni wọ́n ń jẹ. Ó ní bí oòrùn bá ti ràn sí wọn lójú, wọn á sọ ọ́ di iná, iná á gba inú wáyà sọ̀kalẹ̀ lọ bá ẹ̀rọ tó wà nínú kànga lábẹ́ ilẹ̀, ẹ̀rọ náà á ti omi gòkè lọ sínú táńkì. Ó ní kò sí bátìrì níbẹ̀, pé táńkì gan-an ni bátìrì wa, pé omi la óò máa tọ́jú pamọ́ dípò iná, èyí tí a bá fà lọ́sàn-án la óò lò títí di ọjọ́ kejì. Ó yé mi. Mo béèrè ohun tí a óò ṣe kó lè pẹ́. Ó ní kí eruku má bò ó, kí ẹyẹ má yàgbẹ́ sí i, kí ewé má jábọ́ sórí rẹ̀. Ó ní kí n gé ẹ̀ka obì tó nà wá síbẹ̀, obì tí mo gbìn lọ́jọ́ ìkómọ rẹ. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo gé e, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ewé yẹn ni. Wọ́n fi mí ṣe alága omi. Wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́, mo so ó mọ́ okùn ṣòkòtò mi, ibẹ̀ ló wà títí di ìsinsìnyí.

Ọjọ́ méjìdínlógún ni ẹ̀rọ yẹn fi ṣe dáadáa. Láti ìgbà tí oòrùn bá ti yọ títí di ìgbà tí Àlàájà Asimawu, ará ilé kejì wa, bá ń ṣe àlùwàlá fún ìrun alásárì, omi ń lọ. Táńkì ń kún, ó ń dà sílẹ̀, ewúrẹ́ ń mu nínú rẹ̀. Ìlọ́po mẹ́ta ẹ̀gẹ́ tó máa ń rẹ fún fùfú ni ìyá rẹ rẹ lọ́sẹ̀ yẹn. A ò mọ̀ pé ó ń tàn wá ni, bí àfẹ́sọ́nà tó ń la igi fún ìyá ìyàwó kí wọ́n tó fa ọmọ lé e lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún yẹn ni mo bá ara mi sọ̀rọ̀. Mo ní, Japheth, ohun tó tó báyìí, tí gbogbo kòkó abúlé yìí kò lè rà, ló wà níta gbangba tí òjò ń pa, tí oòrùn ń pa, bí ẹni tí kò ní ará. Ọ̀kadà Fàsásì tí kò ní búrékì pàápàá ní ibòji tó ń sùn sí. Ojú tì mí. Mo lọ sí ilé ìrẹ́gi ní Àtìkorí, mo ra igi tí ikán kò lè jẹ. Mo kó páànù mẹ́rìnlá tí mo fi pamọ́ fún ilé ìdáná ìyá rẹ, mo ní kó ṣe sùúrù, àlejò la kọ́kọ́ ń tọ́jú. Fàsásì káfíńtà kọ́ àtíbàbà ńlá lé gbogbo dígí náà lórí. Ó kàn án dáadáa. A fi àlàfo sílẹ̀ lápá ìlà-oòrùn kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, a fi pákó dí apá ìwọ̀-oòrùn nítorí ewúrẹ́. Eruku kò lè bò ó mọ́. Ẹyẹ kò lè yàgbẹ́ sí i. Ewé kò lè jábọ́ sí i. Ohun mẹ́ta tí Adémúyìwá kà fún mi, òrùlé kan ni mo fi parí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

O lè fẹ́ béèrè pé oòrùn ńkọ́. Mo ti rò ó, Ọláyínká, èmi kì í ṣe ọmọdé. Wá wọ abẹ́ páànù yẹn ní agogo kan ọ̀sán, kí o dúró, kí o ka ení dé ọgọ́rùn-ún, kí o wá sọ fún mi bóyá oòrùn kò sí níbẹ̀. Ó gbóná ju ìta lọ. Àwọn tó wà níta ń jẹ oòrùn tútù. Àwọn dígí tèmi ń jẹ oòrùn tó ti jinná.

Ní ọjọ́ kejì gan-an ni ọ̀lẹ wọ ẹ̀rọ náà. Ohun tó bí mi nínú nìyẹn. Mo kọ́lé fún un tán, ó wá di ọ̀lẹ! Láàárọ̀ nígbà tí oòrùn bá ń yọjú lẹ́yìn ilé Fàsásì tó sì ń yọ́ wọ abẹ́ òrùlé, ẹ̀rọ á kùn, omi á yọ. Kò ní ju wákàtí kan lọ, oòrùn á gòkè, ẹ̀rọ á dákẹ́. Ó dà bí àwọn òṣìṣẹ́ kan tó máa ń fọwọ́ síwèé láàárọ̀, tí wọ́n á gbé kóòtù kọ́ sẹ́yìn àga, tí wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Mo gbá òpó rẹ̀. Mo bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Mo gbàdúrà lé e lórí pẹ̀lú omi ìyàsímímọ́ láti ṣọ́ọ̀ṣì wa. Asán.

Ìyá rẹ ní ṣé mi ò rí i pé ìgbà tí oòrùn bá wọ abẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Mo bi í pé ṣé òun náà ka físíìsì ni. Ó ní òun kò kà á, ṣùgbọ́n òun ń sá aṣọ láti kékeré, òun sì mọ̀ pé ibi tó móoru yàtọ̀ sí ibi tí oòrùn ń ràn sí. Mo ní kó lọ bójú tó fùfú rẹ̀. Ó ní fùfú wo, láìsí omi, àfi kí Bàbá Yínká wá máa fi ìbínú rẹ̀ pọnmi fún òun. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wí.

Lọ́jọ́bọ̀ ni ìwé dé láti ọ́fíìsì àjọ náà ní Àbújá. Wọ́n kọ wákàtí ẹ̀rọ wa síbẹ̀ lọ́jọ́ lọ́jọ́. Ọjọ́ Ajé, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ọjọ́rú tí ojú ọjọ́ ṣú, ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún péré. Wọ́n ní ó dà bí ẹni pé kànga wa kò lómi tó. Wọ́n ní láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ títí di Àbámẹ́ta, kí ẹ̀rọ náà máa ṣiṣẹ́ wákàtí márùn-ún lóòjọ́, ó kéré tán. Bí ọjọ́ kan bá yẹ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀ wá tú u, wọn á sì gbé e lọ sí abúlé kan ní Ogun Waterside. Adémúyìwá kọ́ ni wọ́n máa rán o. Wọ́n ti gbé ìyẹn lọ sí Bọ̀nú lókè Ọya, níbi tí ogun ti lé àwọn ènìyàn kúrò nílé. Àwọn tó ń tú nǹkan nìkan ló ń bọ̀, wọn kò sì ní béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ogun Waterside! Omi ló wà níwájú ilé wọn, omi ló wà lẹ́yìn, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ lọ sí ọjà, àwọn ni wọ́n fẹ́ gbé omi lọ fún. Nígbà tí mo pè ọ́, o ní omi ibẹ̀ níyọ̀, kò ṣeé mu. Ṣé ìyẹn náà di ẹ̀sùn? Wọn kò ní í ra iyọ̀ sọ́bẹ̀, kí wọ́n máa dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ mí lọ́kàn jù ni pé ta ló sọ fún Àbújá. Àbújá jìnnà. Ojú wọn kò lè tó ibí láti ka ìṣẹ́jú. Ó ní láti jẹ́ pé ẹnìkan wà láàárín wa tó ń wo aago tó sì ń ròyìn wa. Mo pe ìpàdé lọ́jọ́ náà gan-an, lábẹ́ òrùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí kékeré tí Adémúyìwá kàn mọ́ òpó. Àpótí yẹn ní iná tó ń ṣẹ́jú, ó sì fi káàdì fóònù kan sínú rẹ̀ lójú mi. Mi ò mọ ohun tó ń fi í ṣe, fìlà ni èmi máa ń gbé kọ́ ọ. A sún mọ́ àpótí náà dáadáa, a ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí amí yẹn má baà gbọ́.

Mo ti mọ ẹni náà lọ́kàn mi. Àlàájà Asimawu ló ń jí ju gbogbo wa lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó ti gbé búùtà rẹ̀ dé ìdí ẹ̀rọ. Ó ní aago ọwọ́. Ó ní ọmọ ní Àbújá. Mo fi nǹkan mẹ́ta yìí pọ̀, mo sì sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Ó wò mí. Ó ní bí òun bá ní nọ́ńbà Àbújá, ohun tí òun máa kọ́kọ́ ròyìn ni pé alága omi wọn kọ́lé fún dígí, ìyàwó rẹ̀ sì ń dáná nínú òjò. Gbogbo ìpàdé rẹ́rìn-ín. Fàsásì tí mo sanwó iṣẹ́ fún náà rẹ́rìn-ín. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé fìlà mi sórí àpótí.

Àná, ọjọ́ Ẹtì, ìyá rẹ padà sí odò. Ó ti ń lọ láti ọjọ́ mélòó kan, mo ń ṣe bí ẹni tí kò rí i. Mo jókòó síwájú ilé, mo gbọ́ tí kẹ́ẹ̀gì ń yí lọ sísàlẹ̀ ọ̀nà. Mo sáré. Mo bá a lórí ìjókòó nínú ẹrẹ̀, orúnkún rẹ̀ ti bó, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun ń sinmi ni. Kì í ṣe ìsinmi. Mo gbé e pọ̀n, Ọláyínká, mo gbé ìyá rẹ pọ̀n gun òkè yẹn, èmi tí mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Nígbà tí a délé, kò sí omi tí mo máa fi fọ egbò náà. Ilé Àlàájà Asimawu ni mo ti lọ tọrọ rẹ̀. Ó fún mi ní omi, ó fi òrí lé e, kò sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ìbá sàn kó bú mi.

Òwúrọ̀ òní ni mo wá lọ dúró níwájú ẹ̀rọ náà. Mo bínú sí i bí mi ò ṣe bínú sí ẹnikẹ́ni rí. Mo sọ fún un pé ọmọ mi ló mú un wá, pé mo gé obì ọmọ mi nítorí rẹ̀, mo fi ilé ìdáná ìyàwó mi bò ó, ìyàwó mi wá ń yí nínú ẹrẹ̀. Mo ní bí kò bá ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, èmi fúnra mi ni n óò tú u kí ọkọ̀ wọn tó dé. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Mi ò lè kọ̀wé mọ́ lónìí.

Ọjọ́ Ajé, ìrọ̀lẹ́.

Ọláyínká, ó gbọ́!

Lánàá nígbà tí a wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìjì kan jà. Ó ṣí mẹ́wàá nínú páànù mẹ́rìnlá yẹn, ó fọ́n wọn ká sínú oko kòkó, ó ku mẹ́rin péré lórí dígí méjì tó wà lápá ìwọ̀-oòrùn. Nígbà tí mo débẹ̀, mo káwọ́ lérí. Mo ní ohun gbogbo ti parí, ẹ̀rọ tó ń ṣe ọ̀lẹ nínú ilé, báwo ni yóò ṣe ṣe níta. Láàárọ̀ yìí ni mo gbọ́ tó ń kùn. Agogo mẹ́sàn-án, ó ń kùn. Agogo méjìlá, ó ń kùn. Títí di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò sinmi, omi sì ti kọjá ìdajì táńkì. Bí ó ti ṣe ní ọjọ́ méjìdínlógún àkọ́kọ́ yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ló wọ̀ ọ́ létí. Mo ti sọ fún gbogbo abúlé pé ìbínú mi ló fa omi yẹn. Ìyá rẹ kàn ń wò mí.

Nísinsìnyí tó ti ronú pìwà dà, mi ò fẹ́ kí ó rò pé mi ò mọ oore. Mi ò lè fi í sílẹ̀ níhòòhò nínú oòrùn àti òjò kí ó tún bínú. Nítorí náà, fi páànù tuntun mẹ́wàá ránṣẹ́ sí mi, èyí tó nípọn, pẹ̀lú ìṣó páànù tó ní rọ́bà lábẹ́ orí, àti owó iṣẹ́ Fàsásì. Kó wọn fún awakọ̀ tó gbé lẹ́tà yìí wá. N óò wà ní gáréèjì Òkè-Agbo lọ́jọ́rú láti òwúrọ̀, n óò dúró títí yóò fi dé, kí a lè bo gbogbo rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí Ọjọ́bọ̀ bá a nínú ilé. Fi ìpara orúnkún ìyá rẹ kún un. Bá mi wádìí orúkọ amí yẹn ní Àbújá pẹ̀lú, nítorí mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó yẹ kí n tọrọ àforíjì.

Inú kò bí mi sí ọ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ máa ṣàn bí omi táńkì yìí, kí ó máa ràdọ̀ bò ọ́ bí mo ṣe ń bo ẹ̀rọ yìí, kí òjò má pa ọ́, kí oòrùn má rí ọ pa. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Japheth Olúsànyà,
Alága Omi.

Yínká, èmi ìyá rẹ ni. Èmi ló ní kí n gbé lẹ́tà yìí fún awakọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí. Má fi páànù kankan ránṣẹ́ o. Sọ fún awakọ̀ pé bí bàbá rẹ bá ti béèrè ní gáréèjì, kó máa sọ pé ẹrù náà ti wà lọ́nà. Kí bàbá rẹ tó padà dé lọ́jọ́rú, Fàsásì á ti tú mẹ́rin tó kù àti gbogbo igi rẹ̀. Mo ti he mẹ́jọ nínú èyí tí ìjì gbé, Fàsásì ń fi òòlù nà wọ́n lọ́wọ́, wọn á tó bo ilé ìdáná mi. Àlàájà Asimawu ní òun á di àkàbà mú. Wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí o fi físíìsì rẹ ṣàlàyé fún bàbá rẹ, kí o sì fi àpótí tó ń ṣẹ́jú yẹn hàn án, kó lè mọ ẹni tó máa bẹ̀. Orúnkún mi ti ń sàn.

Bí ó bá dé tó rí i pé òrùlé ti lọ, yóò bínú gan-an. Jẹ́ kó bínú. Òun náà ló sọ pé ìbínú òun ló ń fa omi, táńkì yóò sì kún títí yóò fi dà sílẹ̀.